Ohun tí mo kọ́ lórí fóònù tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka: sí ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ máa kọ áàpù

Ẹ̀yin àbúrò mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí ẹ sì ń wá ibi tí ẹ ó ti ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní ilé iṣẹ́, iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Òun ni bí fóònù ṣe ń gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ìka nígbà tí èèyàn bá tẹ nǹkan lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín iṣẹ́ ní ọ́fíìsì, àwọ̀ àti bọ́tìnì ni kálukú máa ń sáré mú. Gbígbọ̀n a wá di ti ẹni tó dé kẹ́yìn. Èmi ni mo dé kẹ́yìn nígbà náà, mi ò sì tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí dòní.

Áàpù àwọn alájọ là ń ṣe. Alájọ a máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní ọjà Wazo, ní Takie, títí dé Sábó. Á gba owó, á tẹ iye rẹ̀ sórí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì dé ọ̀dọ̀ oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Ẹ mọ bí ọjà ṣe rí. Ẹ̀rọ ìlọta ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń ké, oníwàásù gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé èjìká. Bí fóònù bá wá dún "píì" pé owó ti wọlé, ta ni yóò gbọ́ ọ? Oòrùn ọ̀sán kò sì jẹ́ kí èèyàn rí ojú fóònù dáadáa. Ọwọ́ nìkan ló kù tí a lè bá sọ̀rọ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ Ìlọrin ti mọ èyí ṣáájú wa: ó gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, dẹ́rẹ́bà dúró, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, dẹ́rẹ́bà gbéra. Kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó kọ kóòdù kankan.

Ẹ má tíì ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ẹ ní kí wọ́n ta mọ́tò kékeré tó ń mú fóònù gbọ̀n fún yín, láti inú fóònù bọ́tìnì tó ti kú. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, ẹlòmíràn tilẹ̀ lè fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ ó rí i pé irin kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí apá kan rẹ̀ wúwo ju apá kejì lọ. Bí mọ́tò bá ń yí, apá tó wúwo yẹn ló ń ti gbogbo fóònù síwá sẹ́yìn. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní ERM. Ẹ so bátìrì rẹ́díò méjì pọ̀ kó di fólítì 3, ẹ fi wáyà kàn án, ẹ sì fi ìka méjì di ara mọ́tò náà mú. Kò ní gbọ̀n lójú ẹsẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ gbéra, á mú eré, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ dáadáa. Bí ẹ bá yọ wáyà, kò ní dúró lẹ́ẹ̀kan náà; á yí díẹ̀ sí i kó tó sùn. Ẹ wá yọ bátìrì kan kúrò. Bí ó bá ṣì yí, ẹ ó rí i pé agbára rẹ̀ dínkù, eré rẹ̀ náà sì dínkù. Lára irú mọ́tò yìí, ẹ ò lè dín ọ̀kan kù kí ẹ má dín èkejì.

Irú kejì tí ẹ ó máa bá pàdé ni LRA. Eléyìí kì í yí rárá. Irin òòfà ló so mọ́ sípíríǹgì, iná sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ rántí ẹ̀kọ́ físíìsì ọdún kìíní, èyí tí púpọ̀ nínú wa fi jókòó sẹ́yìn kíláàsì: ohun tó wúwo tó sì so mọ́ sípíríǹgì ní iye ìgbà tí ó fẹ́ràn láti gbọ̀n. Bí ẹ bá tì í ní iye yẹn, agbára díẹ̀ ti tó o. Bí ẹ bá tì í ní iye mìíràn, iná lẹ ń fi ṣòfò. Ti LRA inú fóònù sábà máa ń wà láàárín 150 sí 235 Hz, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ó ń tètè gbéra, ó ń tètè dúró, èèyàn sì lè dín agbára rẹ̀ kù kí iye ìgbà tó ń gbọ̀n má yí padà. Irú rẹ̀ ni iPhone 6s gbé wá ní 2015, tí Apple pè ní Taptic Engine. Nígbà tí iPhone 7 sì dé ní 2016, bọ́tìnì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò rì wọlé mọ́. Gbígbọ̀n ló ń tan ọwọ́ jẹ pé ó tẹ nǹkan, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì fura títí fóònù fi kú tí bọ́tìnì náà sì le gan-an bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ẹnì kan tó ń lo fóònù olówó ńlá á kọ ọ́ sínú áàpù pé kí bọ́tìnì gbọ̀n fún mìlísẹ́kọ́ńdì 10 (ẹgbẹ̀rún mìlísẹ́kọ́ńdì ló wà nínú sẹ́kọ́ńdì kan). Lọ́wọ́ tirẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ẹ gbé áàpù kan náà sórí fóònù tí alájọ rà lówó pọ́ọ́kú, tó jẹ́ ERM ló wà nínú rẹ̀: òfo. Kóòdù kò bàjẹ́ o. Iná ti dé, iná ti lọ, kí mọ́tò tó gbéra. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 40 tàbí 50, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n lórí fóònù olówó ńlá, ó ti di ariwo. Bákan náà ni bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Bí àlàfo àárín méjèèjì bá kéré jù, mọ́tò tó ń yí kò ní ráyè dúró, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó gùn ni ọwọ́ á kà. Mo máa ń fi àlàfo tó tó mìlísẹ́kọ́ńdì 100 ó kéré tán sí i, mo sì máa ń fi fóònù tó kéré jù lówó dán an wò ṣáájú èyíkéyìí.

Lórí Android, ẹ má fi orí ara yín pilẹ̀ iye. Láti Android 8.0 tó jáde ní 2017 ni a ti lè sọ agbára gbígbọ̀n láti 1 dé 255, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi hasAmplitudeControl bi fóònù bóyá ó lè ṣe é, torí ọ̀pọ̀ kò lè ṣe é. Tan tàbí pa nìkan ni wọ́n mọ̀. Láti Android 10 sì ni àwọn gbígbọ̀n tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, EFFECT_TICK, EFFECT_CLICK àti EFFECT_HEAVY_CLICK, ti wà, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù lè tò wọ́n kí wọ́n bá mọ́tò tirẹ̀ mu. Ẹni tó ṣe é ló mọ ohun tó fi sínú rẹ̀. Fún bọ́tìnì lásán, àṣẹ kóòdù tó ń jẹ́ performHapticFeedback ti tó: kò béèrè VIBRATE, ìyẹn ìyọ̀ǹda tí áàpù ń gbà kó tó lè mú fóònù gbọ̀n, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹni tó ni fóònù yàn nínú sẹ́tíǹgì. Ní ti iPhone, Core Haptics, irinṣẹ́ Apple fún kíkọ gbígbọ̀n, ti wà láti iOS 13 ní 2019. Agbára gbígbọ̀n àti bí ó ṣe mú tó ni ẹ ó máa sọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe wẹ́ẹ̀bù, navigator.vibrate wà, ṣùgbọ́n Safari orí iPhone kò dá a lóhùn, nítorí náà ẹ má gbé iṣẹ́ pàtàkì lé e lórí.

Kóòdù kò le tó ọwọ́ èèyàn. Nínú awọ ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn kókó kéékèèké kan wà tí wọ́n fi orúkọ Filippo Pacini, ará Ítálì, pè. Sàkáání 200 sí 300 Hz ni wọ́n ti ń mọ gbígbọ̀n jù. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, mímọ̀ yẹn ń dínkù. Àrùn àtọ̀gbẹ náà ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ẹsẹ̀ ló sábà ń kọ́kọ́ mú kó tó dé ọwọ́. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tí ẹ bá mọ̀ léèrè: irin tó ń gbọ̀n ní 128 Hz ni dókítà ń gbé lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ aláìsàn láti fi mọ̀ bóyá ó ṣì ń mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, ohun tó mú ọmọ ogún ọdún ta gìrì lè má kan ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún rárá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ọwọ́ yan ohun tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà jẹ́ kó yàn án gan-an ni iṣẹ́. Àbúrò wa kan nínú ọ́fíìsì to ojú ewé kan tó dára lójú: ibi tí wọ́n ti ń fa iye ìgbà, ibi tí wọ́n ti ń fa agbára, ibi tí wọ́n ti ń fa ìgbà tí yóò pẹ́ tó. A gbé e lọ bá ìyá alájọ kan ní Wazo. Ìwé àjọ wà lábíyá rẹ̀, báírò wà lẹ́yìn etí, fóònù wà lọ́wọ́ òsì. Ó wo ojú ewé náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, èwo ni kí n fà níbẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ohun tí a gbé padà fún un jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré: Má gbọ̀n, Jẹ́jẹ́, Níwọ̀nba, Ó le. Bí ó ṣe ń fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ni fóònù ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó kan "Jẹ́jẹ́", kò sọ nǹkan. Ó kan "Níwọ̀nba", ó gbé fóònù sún mọ́ àyà. Ó kan "Ó le", ó ní, "Ẹ̀n-ẹn, eléyìí gan-an."

Mo bi í pé, "Màmá, bí owó kò bá wọlé ńkọ́?" Ó ní, "Èyí tó bá wọlé, kó pè mí lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí kò bá wọlé, kó dà mí láàmú." Ọ̀rọ̀ yẹn la tẹ̀ lé. Ẹ̀ẹ̀kan fún owó tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbọọrọ, pẹ̀lú àlàfo, fún èyí tó kọ̀. Ẹ má ṣe fi gbígbọ̀n rírọ̀ àti gbígbọ̀n mímú ya ìròyìn ayọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìròyìn ibi, torí mọ́tò olówó pọ́ọ́kú kò mọ ìyàtọ̀ yẹn, ọwọ́ tó ti le náà kò sì mọ̀ ọ́n. Iye ìgbà ni kí ẹ fi yà wọ́n.

Ẹ ya títẹ lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára ìròyìn pẹ̀lú. Nínú sẹ́tíǹgì Android tuntun, ti ìpè, ti ìròyìn àti ti ìfọwọ́kàn ni wọ́n ti pín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ọ̀pọ̀ èèyàn kórìíra kí fóònù máa gbọ̀n ní gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá tẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní fẹ́ pàdánù ìròyìn owó. Bí wọ́n bá sì ti pa ti ìfọwọ́kàn nínú fóònù, ẹ gbà fún wọn. Láti Android 13, áàpù bíi tiwa kò tilẹ̀ lágbára mọ́ láti kọjá rẹ̀. Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú gbígbọ̀n tó wà nínú áàpù òde òní kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀gá á rí nǹkan lára iPhone, á ní kí gbogbo bọ́tìnì máa gbọ̀n. Ẹ rọra bi í pé kí ni ẹni tó di fóònù mú yóò fi mọ̀ tí kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bátìrì náà ń jìyà rẹ̀, ẹ sì mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe wá níbí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ọ̀yọ́ tí kò ríran, tó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Special. TalkBack, ohun tó ń ka ojú fóònù sókè lórí Android, ló fi ń lo fóònù, TalkBack fúnra rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ìka bá ti ń kọjá lórí nǹkan. Nígbà tó gbìyànjú áàpù wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n dá lóhùn?" Láti ọjọ́ náà, bí áàpù bá ti rí i pé TalkBack wà ní títàn, a máa pa gbogbo gbígbọ̀n tiwa, àyàfi ti owó tó wọlé àti èyí tó kọ̀. Òun náà ló tún sọ fún mi pé kí a má fi gbígbọ̀n nìkan ṣe ìròyìn: kí ọ̀rọ̀ wà lójú fóònù fún ẹni tí kò gbọ́ràn, kí TalkBack sì rí ohun kà fún irú òun. Ẹni tó gbé fóònù sínú pọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ìró kò ní mọ̀ pé ó gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀ tó bá yọ ọ́.

Ibi tí a kò tíì yanjú ni ti ọ̀kadà. Alájọ púpọ̀ ló ń gun ọ̀kadà láti Under G dé Takie, ara ọ̀kadà fúnra rẹ̀ sì ń gbọ̀n ju mọ́tò fóònù èyíkéyìí lọ. A ti sọ gbígbọ̀n náà di gígùn, bátìrì kàn ń tán ni. Aago ọwọ́ tó ń gbọ̀n wọ́n ju ohun tí wọ́n lè rà lọ. A tún ń rò ó pé bóyá kí áàpù dúró títí ọ̀kadà yóò fi dúró kó tó gbọ̀n, torí fóònù lè mọ̀ bóyá ó ń lọ, àmọ́ owó tó kọ̀ láti wọlé kò yẹ kó dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ wá bá wa ṣe IT ní ọ́fíìsì wa ní Adenike, kó ti kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lórí èyí kó tó dé. Òun ni mo máa kọ́kọ́ bi í.