Ẹ́ńsáìmù tí fọ́ngọ́sì fi ń ya wọ inú ara kòkòrò

Ọ̀pọ̀ bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì tó ń pa kòkòrò, àfi kí kòkòrò kọ́kọ́ jẹ wọ́n mọ́ oúnjẹ kí wọ́n tó ríbi wọlé. Àwọn fọ́ngọ́sì bíi Metarhizium àti Beauveria ò dúró de ẹnu ẹnikẹ́ni ní tiwọn o, èèpo ara kòkòrò gan-an ni wọ́n máa ń dá lu tí wọ́n á fi bọ́ sínú, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn wù mí tó bẹ́ẹ̀.

Torí èèpo yẹn le, kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ rárá. Okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní kítínì ló wà nínú ẹ̀, púrótéènì wá bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí kọnkéré ṣe ń bo irin inú òpó ilé, tẹ́ ẹ ò bá tíì kó púrótéènì kúrò ẹ ò lè débi kítínì. Nítorí náà tí spore, ìyẹn hóró tín-ín-rín tí fọ́ngọ́sì fi ń tàn káàkiri, bá ti bà lé kòkòrò, á lẹ̀ mọ́ ọn, á hù, orí ibi tó hù yẹn á wú, á dì mọ́ èèpo típẹ́típẹ́, á wá máa fi agbára ti ara ẹ̀ wọlé, ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́, èyí tó ń fọ́ púrótéènì, sì ń tú jáde lára ẹ̀ bó ṣe ń tì í. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Raymond St. Leger, Charnley àti Cooper, ló ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ gan-an ní Yunifásítì Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1980 sí 1989. Pr1 ni wọ́n pe èyí tó lágbára jù, ẹbí kan náà lòun àti subtilisin tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ ìfọṣọ kó lè jẹ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀. Pr2 náà wà, òun jọ trypsin tó ń bá wa da oúnjẹ nínú ìfun. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ kítínì, ẹ̀yìn wọn ló ń dé.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò dáadáa nìyí: fọ́ngọ́sì yìí mọ ìgbà tó yẹ kó ṣe Pr1 àti ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Tí ṣúgà àti amino acid, ìyẹn ègé kéékèèké tó para pọ̀ di púrótéènì, bá pọ̀ láyìíká ẹ̀, kò ní ṣe é, tébi bá ń pa á lórí èèpo ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń jẹ púrótéènì yẹn ammonia á máa jáde, pH ibẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan sí, á máa gòkè, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ò ní kan mọ́, Pr1 sì rèé, bíi pH 8 ló ti máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àbí ẹ ò rí i, fúnra ẹ̀ ló ń tún ibi iṣẹ́ ẹ̀ ṣe! Ìgbà tó bá wá dénú ẹ̀jẹ̀ kòkòrò tán, á pa Pr1 tì, á fi púrótéènì míì tó ń jẹ́ MCL1 bo ara ẹ̀ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ kòkòrò má baà dá a mọ̀.

Kí ló wá máa ṣẹlẹ̀ tí kò bá pa á tì? Lọ́dún 1996 St. Leger àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tún jíìnì Metarhizium ṣe kó lè máa ṣe Pr1 lọ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá fi í kọ lu ìdin Manduca sexta, èyí tó máa ń jẹ ewé tábà. Àkókò tí ìdin náà fi ń kú dín ní ìdá 25 nínú 100, oúnjẹ tó ń jẹ náà dín ní ìdá 40. Gbogbo èèyàn á ní áà, eléyìí dáa, oògùn oko ti dé nìyẹn. Àmọ́ ara ìdin náà tètè dúdú, torí Pr1 ti ta ohun tó ń mú ara kòkòrò dúdú jí nínú ẹ̀jẹ̀, òkú ẹ̀ ò sì wá dáa fún fọ́ngọ́sì láti so spore lé lórí mọ́.

Ohun tó jẹ́ àdánù fún fọ́ngọ́sì yìí, àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà rí àǹfààní nínú ẹ̀, wọ́n ní èyí tí wọ́n tún ṣe yìí ò ní lè pẹ́ nínú oko kó máa tàn káàkiri. Mo gbà pẹ̀lú wọn délẹ̀délẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa tú nǹkan abẹ̀mí tẹ́ ẹ ti yí jíìnì ẹ̀ padà sínú oko, ó yẹ kó ní ibi tí yóò parí sí, kódà kó gba pé kẹ́ ẹ máa fọ́n òmíràn lọ́dọọdún.