Ọ̀yọ́ sí Ìkọ́gòsì nínú bọ́ọ̀sì tí a lè sùn sí: ìlù, omi gbígbóná, àti ohun tó wà láàárín wọn

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìlù nínú ìrìn-àjò yìí, ẹ má gbé e lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ. Ẹ san àsansílẹ̀ fún un ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, kí oníṣẹ́ máa ṣe é lọ, kí ẹ wá gbé e nígbà tí ẹ bá ń ti Ìkọ́gòsì bọ̀. Ẹni tó bá gbé ìlù sínú bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ kìíní, ooru inú ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ lù ú kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án. Awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gbẹ dáadáa. Bí ẹ bá tì í mọ́ inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ẹ̀gbẹ́ kan á gbẹ ju èkejì lọ, awọ á fà sí ibì kan, ohùn á sì daru. Ti bàtá tún burú ju ti dùndún lọ, nítorí ìda tí wọ́n fi sójú rẹ̀ máa ń rọ̀ nínú ooru, ó sì máa ń yọ́ kúrò ní ààyè tí oníṣẹ́ fi í sí.

Nítorí náà, báyìí ni a ṣe to ọ̀nà náà: Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Òṣogbo, Iléṣà, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìkọ́gòsì, kí a tó ṣẹ́rí padà. Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà tó fún un láìsáré. Ẹ kíyè sí i pé Ẹ̀rìn méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun wà lẹ́bàá Ìlobùú, ibẹ̀ ni ti bàtá. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà lẹ́yìn Iléṣà, ibẹ̀ ni ti omi tó ń dà láti orí òkè. Ẹni tó bá kàn tẹ "Erin" sínú máàpù fóònù lè bá ara rẹ̀ níbi tí kò rò.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló kàn. Toyota HiAce ló rọrùn jù lágbègbè wa, torí kò sí ìlú ńlá lójú ọ̀nà yìí tí ẹ ò ní rí mẹkáníìkì tó mọ inú rẹ̀, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ní sí lọ́jà. Ẹ yọ ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ lẹ́yìn awakọ̀. Pákó pulaiwúùdù kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, tó nípọn tó ¾ ínṣì, tó iṣẹ́ náà ṣe: káfíńtà á gé ẹsẹ̀ bàtà 6 fún bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ bàtà 2 tó ṣẹ́kù á di tábìlì ìdáná. Fóòmù ínṣì 4 ni kí ẹ tẹ́ lé e. Ti ínṣì 6 dùn-ún sùn, ṣùgbọ́n bí òrùlé ọkọ̀ yín bá kéré, orí yín á máa kàn án nígbà tí ẹ bá jókòó. Ẹ wọn gíga kẹ́ẹ̀gì lítà 25 yín kí káfíńtà tó gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, torí abẹ́ ibẹ̀ ni omi máa wà. Ínṣì 18 sábà máa ń tó. Bóòtù ni kí ẹ fi dè é mọ́ ihò tí ìjókòó ti kúrò. Ìṣó kò níí pẹ́ tú níbi tí kòtò bá pọ̀ bí ti ọ̀nà wa.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta jẹ́ lítà 75, ìyẹn kílò 75, bí ẹni pé àgbàlagbà kan tún wọkọ̀. Iwájú táyà ẹ̀yìn ni kí ẹ tò wọ́n sí. Bí gbogbo ẹrù bá wà lẹ́yìn táyà, imú ọkọ̀ á fúyẹ́, ọwọ́ ìdarí á sì máa léfòó lọ́wọ́ awakọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò mọ̀ pé ẹ ti yọ ìjókòó, kí ìwé ọkọ̀ yín lè bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Èyí máa ń dín àríyànjiyàn kù lójú ọ̀nà.

Iná ni ọ̀pọ̀ máa ń ná owó lé jù. Bátìrì 12V tí ó jẹ́ 100Ah ní 1,200 Wh (wáàtì-wákàtí) nínú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èyí tó ń lo ásíìdì, ìdajì, ìyẹn 600, ni kí ẹ lò kí ó má baà tètè kú. Fáànù 12V tí ń jẹ 20W fún wákàtí 9 jẹ́ 180. Gílóòbù 5W fún wákàtí 4 jẹ́ 20. Fóònù mẹ́ta, ẹ ká a sí 45. Àpapọ̀ rẹ̀ kò pé 250 lóru kan, òru méjì sì ni bátìrì kan á gbé láìrí oòrùn rárá. Nítorí náà, ẹ ò nílò ínfátà ńlá. Ẹ so fáànù mọ́ bátìrì tààrà. Fíùsì ni kí ẹ má ṣe fi ṣeré: ẹ fi í sẹ́bàá orí bátìrì, kó má jìn ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Wáyà tó gba ihò irin kọjá láìní rọ́bà láàárín ni ọkọ̀ tó ń gbọ̀n máa ń fi irin gé lára, ibẹ̀ sì ni iná ti ń ṣẹ́. Pánẹ́lì sólà 150W tó fún gbígba iná padà. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku orí rẹ̀ láràárọ̀.

Ìta ni kí ẹ ti máa dáná. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bí ó bá jò nínú ọkọ̀, ilẹ̀ ni yóò sùn sí títí ẹnì kan á fi ṣáná. Ẹ má sì gbé ìkòkò èédú wọ inú bọ́ọ̀sì nítorí òtútù, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ẹ ṣí. Májèlé tó wà nínú èéfín wọn kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pa ènìyàn.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ tó gbéra. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2323 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2023. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń dán. Nọ́ḿbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ọ̀fẹ́ ni.

Ní Ọ̀yọ́, ẹ fi ọjọ́ kan gbọ́ ìlù kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Àwọn onílù ààfin á fi ìlù kí àlejò, wọ́n á sì béèrè orúkọ yín kí wọ́n lè pè é. Ẹ ṣẹ́ owó wẹ́wẹ́ sápò, torí kò sí ṣéńjì nídìí ìlù. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni ẹ máa gbọ́ tí ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú, ìlù kékeré inú rẹ̀, kò ní ọsán (okùn ẹ̀gbẹ́ ìlù) tí wọ́n lè fún láti yí ohùn padà, ìró kan náà ló ń lù láìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ dùndún, kí ó fi etí tẹ̀ lé gúdúgúdú fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó wá ìyáàlù lọ.

Bí ẹ bá ń san àsansílẹ̀, ẹ béèrè igi tí wọ́n máa fi gbẹ́ ẹ. Ọ̀mọ̀ àti apá ni wọ́n sábà máa ń lò, ọ̀mọ̀ sì fúyẹ́ ju apá lọ fún ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ èjìká fún wákàtí púpọ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó fi awọ bò ó: ibi tí igi ti là tí wọ́n fi gúlúù àti ìyẹ̀fun pákó dí, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọ́ pé ọsán awọ ni ẹ fẹ́, kì í ṣe okùn ọ̀rá. Ìdajì owó tó fún àsansílẹ̀. Ẹni tó bá sanwó tán pátá, ẹ̀yìn ìlù ẹlòmíì ni tirẹ̀ máa wà.

Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n tírélà ló ni ọ̀nà yẹn. Ẹ rìn ín lówùúrọ̀, ẹ má sì yà sílẹ̀ lójijì níbi tí etí títì bá ti jẹ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ tètè jẹun kí ẹ tó jáde. Ìlú tí oríkì rẹ̀ ní wọ́n ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu kọ yangan kì í fi ebi pa àlejò àárọ̀. Ẹ bu omi mímu kún kẹ́ẹ̀gì kan níbẹ̀, kí ẹ wá gba apá Ifọ́n-Ọ̀ṣun àti Ìlobùú lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun.

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kéré, kò sì ní pátákó kankan tó ń júwe ohun tí a wá gbọ́ níbẹ̀. Ẹ béèrè ilé àwọn Àyán. Ìyáàlù bàtá, omele abo, omele akọ àti kúdi ni ọ̀wọ́ náà. Bílálà tí wọ́n fi awọ ṣe ni wọ́n fi ń na ojú kékeré ìyáàlù, ọwọ́ ló ń lu ojú ńlá. Bí bàtá ni ẹ fẹ́ ra, ibí ni kí ẹ ti san àsansílẹ̀.

Òṣogbo fẹ́rẹ̀ẹ́ sún mọ́ ibẹ̀ tó ẹ̀yìnkùlé. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ni gbogbo ènìyàn ń lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ má pẹja níbẹ̀, ẹ má sì gbé oúnjẹ lọ́wọ́ níwájú ọ̀bọ. Bí ẹ bá lọ ní oṣù Ògúsítì lákòókò ọdún Ọ̀ṣun, ẹ ò ní rí ibi gbé bọ́ọ̀sì sí, ìlù sì pọ̀ débi pé ẹ ò ní gbọ́ èyíkéyìí dáadáa. Tèmi ni pé kí ẹni tó wá fún ìlù yan oṣù mìíràn.

Ibi tí a ó sùn ṣì jẹ́ ìṣòro wa. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ní omi àti iná fún irú ọkọ̀ báyìí kò ṣòro rí. Níbí, ọgbà òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ tọrọ. Ẹ dé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ẹ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá géètìmáànù sọ ọ́, ẹ san nǹkan díẹ̀ fún balùwẹ̀. Ẹ má sùn sétí títì rárá.

Láti Iléṣà lọ ni ilẹ̀ ti ń yí padà. Ẹ rọ epo kún tán níbẹ̀. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje ni omi Olúmirìn ní. Ọ̀pọ̀ kì í kọjá àwọn ti ìsàlẹ̀, òkúta rẹ̀ sì ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Bàtà rọ́bà tó ní ìka nísàlẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, sílípáàsì kò ṣeé gbójú lé. Ẹ gùn ún kí ẹ tó dé Ìkọ́gòsì, torí ẹsẹ̀ tó bá ti gun Olúmirìn ló mọ rírì omi gbígbóná lọ́la rẹ̀.

Òkè Ẹ̀fọ̀n ni búrẹ́kì ti máa ń kọ̀. Bí ẹ bá tẹ búrẹ́kì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó á gbóná, omi búrẹ́kì tó ti pẹ́ tó sì ti fa ọ̀rinrin mọ́ra á hó, ẹsẹ̀ yín á sì wọlé bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Jíà tí ẹ máa fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́, kejì tàbí kẹta, kí ẹ máa tẹ búrẹ́kì kí ẹ sì máa tú u. Bí ẹ bá gbóòórùn jíjó, ẹ dúró níbi tó tẹ́jú fún ìdajì wákàtí. Ẹ má da omi lé e, irin gbígbóná lè là. Bákan náà ni radiétọ̀: bí ọkọ̀ bá gbóná nígbà tó ń gòkè, ẹ pa á, ẹ má ṣí ìdérí títí ọwọ́ yín á fi lè gbé orí rẹ̀.

Ìkọ́gòsì fúnra rẹ̀ kò fẹ́ àlàyé púpọ̀. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn wá láti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n pàdé, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìpolówó máa ń kọ 70°C. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, omi tí ènìyàn ń wọ̀ kò ju nǹkan bí 37°C lọ, bí ooru ara wa gan-an. Ìdí nìyẹn tí àárọ̀ ọyẹ́, láàárín Disẹ́ńbà sí Fẹ́búárì, fi dùn jù níbẹ̀. Lọ́sàn-án oṣù Máàṣì, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Míṣọ́nnárì Baptist kan, John McGee, ló sọ ibẹ̀ di ibi ìsinmi láwọn ọdún 1950, nítorí náà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ìjọ Baptist ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, á mọ irú ọgbà tó wọ̀. Ẹ má fi ọṣẹ wẹ̀ nínú odò náà.

Nígbà àbọ̀, ẹ lu ìlù tí ẹ ti san àsansílẹ̀ fún kí ẹ tó san owó tó kù. Ẹ fún ọsán dùndún díẹ̀díẹ̀, kí ohùn gòkè láìsí ibi tó ti ń dún bí igbá fífọ́. Aṣọ òwú ni kí ẹ fi wé e, ọ̀rá á mú un làágùn. Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì HiAce wà, ibẹ̀ ló gbóná jù nínú ọkọ̀, nítorí náà orí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ni kí ìlù jókòó sí, jìnnà sí gíláàsì, kí ẹ sì dẹ ohunkóhun tó bá dè é le. Bí bàtá bá ni, ojú ńlá tó ní ìda ni kí ẹ gbé sókè.