Ọdún tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń retí ìròyìn mọ́tò mi, onílé mi àti ọ̀gá mi ní gbogbo ìparí ọdún, ẹ má bínú. Mọ́tò ṣì ń yọ èéfín, onílé ti fi kún owó ilé, ọ̀gá wà bó ṣe wà. Ó tán. Màmá lọ nínú Oṣù Kẹta, oṣù yòókù kàn ń kọjá ni.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ pè, tí ẹ wá, tí ẹ fi owó ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹun tán tí ẹ tún gbé abọ́ lọ, a rí yín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ara wá bèèrè gbèsè. Oorun ò wá, orí ń fọ́. Nọ́ọ̀sì tó yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wò wo ẹ̀rọ, ó tún un yẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló wa yín wá síbí?" Mo ní èmi fúnra mi ni. Ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá. 170 lórí 110. Dókítà kọ oògùn, ó sì ní kí n wá nǹkan tí yóò máa mú ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ẹmu ńkọ́? Kò rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi obìnrin ló fà mí lọ síbi yoga, níbi tí wọ́n ti ń na ara, tí wọ́n sì ń kọ́ bí a ṣe ń mí. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun náà ló ní kí n máa mu omi kùkúḿbà lọ́dún tó kọjá. Yàrá òkè kan ní Ṣùúrùlérè ni, obìnrin ló kún ibẹ̀, èmi nìkan ni ikùn mi ṣáájú mi wọlé. Mo ju Àǹtí tó ń kọ́ wa lọ, ṣùgbọ́n Àǹtí ni mò ń pè é, torí ẹni tó bá lè gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn tó ẹni à ń bọ̀wọ̀ fún. Rishikesh, létí odò Ganges ní Íńdíà, ló ti kọ́ ọ. Ó ní ká fọwọ́ kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ọwọ́ tèmi dé orúnkún, ó dúró síbẹ̀. Ipò ejò nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe: ẹ ó dọ̀bálẹ̀, ẹ ó wá gbé àyà sókè díẹ̀ bí ẹni tí àna rẹ̀ ò tíì dá lóhùn.

Mo ṣàròyé pé egungun mi ti gbó. Àǹtí ní nínú gbólóhùn tó lé ní 190 tí Patanjali, ọlọ́gbọ́n ará Íńdíà kan, fi ṣàlàyé yoga láyé àtijọ́, mẹ́ta péré ló kan bí èèyàn ṣe máa gbé ara sí, ohun tó sì béèrè ò ju pé kí ara dúró ṣinṣin, kó sì rọni lọ́rùn. Àtọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn Patanjali.

Èémí ni mo rí mú. Ẹ fà á wọlé, ẹ ka mẹ́rin. Ẹ tú u síta, ẹ ka mẹ́fà. Iṣan kan wà tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé ọkàn àti ikùn. Bí a bá ń mí síta pẹ́, òun ní í sọ fún ọkàn pé kó rọra. Mò ń ṣe é nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland, kọ̀ńdọ́ kan kan gíláàsì mi: "Àlàájì, ṣé ẹ ti sùn ni?"

Wòlíì wa gbọ́, ó ní kí n ṣọ́ra fún ẹ̀mí àjèjì. Òótọ́ ni, inú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni yoga ti ṣẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Sáàmù 23 lèmi ń kà sínú bí mo bá ń mí. Wòlíì ní òun á gbàdúrà sí i.

Èyí tó rọrùn jù níbẹ̀ ló le jù fún mi. Bí kíláàsì bá ń parí, gbogbo wọn á fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ á yà síra, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sókè, ojú á padé. Śavāsana ni wọ́n ń pè é: ipò òkú. Àwọn ará Íńdíà ti kọ ọ́ sínú ìwé láti nǹkan bí ọ̀rúndún 15 pé ó ń lé àárẹ̀, ó sì ń fún ọkàn ní ìsinmi. Nílé tiwa, a kì í fi ikú ṣeré. Èmi á fẹ̀yìn ti ògiri, máa wá fóònù tó wà lápò mi. Mo ti rí ẹni tó dùbúlẹ̀ báyẹn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí sókè. Èmi ni mo bá a pa á dé.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹní. Rọ́bà ni tàwọn tó kù, aláwọ̀ mèremère. Nígbà tí a pín ẹrù ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi mú aṣọ òkè, àbúrò mi kó ìkòkò, mo mú ẹní tí Màmá máa ń sùn lé lọ́sàn-án. Ó ti fi àjákù ànkárá gbá etí rẹ̀ kó má baà tú. Apá ọ̀tún ti fọ́ níbi tó máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì bó bá fẹ́ dìde. Òórùn Robb ṣì wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú Oṣù Kẹsàn-án, mo fẹ̀yìn lé e, mo pa ojú dé. Omi gba ẹ̀gbẹ́ ojú wọ etí mi. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra bi mí pé kí ló dé. Mo ní òógùn ni. Ó ní òógùn kì í gba ojú jáde. Mo ní tèmi máa ń gbabẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo sùn lọ. Wọ́n ní mo hanrun gan-an ni. Bàbá Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀ báyìí.

Ìfúnpá ti sọ̀ sí 138 lórí 86. Mò ń lo oògùn mi o. Àǹtí fúnra rẹ̀ ní ẹni tó bá torí yoga pa oògùn tì, kó má wá sí kíláàsì òun mọ́. Ẹ má sì rò pé mo ti di ẹni ìbàlẹ̀ ọkàn. Mo ṣì máa ń pe nọ́ńbà Màmá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ti tà á fún ọmọkùnrin kan ní Kánò. Ọmọ dáadáa ni. A ti ń kí ara wa.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, mo fẹ́ fọwọ́ kan kókósẹ̀. Mi ò tíì dárúkọ ọmọ-ìka. Ìyá Ìbejì ní òun náà á tẹ̀ lé mi lọ, ṣùgbọ́n òun ò ní wọ ṣòkòtò, ìró lòun máa ró lọ. Mo ti sọ fún Àǹtí. Ó ní kó máa bọ̀, kó ṣáà so ó le.