Wọ́n Fi Ọ̀dà Funfun Pa Àwòrán Wa Rẹ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ẹ̀yin ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ ìlú sára ògiri, ẹ fetí sí mi, nítorí inú ṣì ń bí mi.

Àwòrán odò Ògùnpa la yà. Ará Ìbàdàn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé: ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò yẹn ya wọ ìlú, ó wó ilé, ó gbé ènìyàn lọ. Síbẹ̀, títí dòní, gọ́tà náà la ń da ọ̀rá àti páńtí sí. A ya ìyá kan tó gbé ọmọ lé èjìká nínú àgbàrá, tí ọ̀rá wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Onílé fọwọ́ sí i o. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kẹ́nikẹ́ni má bi mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá, ìyá alátà ló pè mí: "Bọ̀dá, ẹ sáré máa bọ̀, wọ́n ń kun ògiri yín o!" Kí n tó débẹ̀, ọmọkùnrin méjì ti gorí àkàbà. Omi ti lọ, ẹsẹ̀ ìyá náà ti lọ, ojú rẹ̀ ló kù. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Èyí àbúrò ò lè wò mí lójú, ó kàn ní, "Ẹ má bínú, sà, wọ́n ní ká kùn ún ni." Ẹ̀yin náà mọ irú àwọn "wọ́n" yẹn: àlejò ńlá ń bọ̀ ládùúgbò, wọn ò fẹ́ kó rí i. Ọ̀dà àkọ́kọ́ ò bo ojú náà tán, ó ṣì ń wò wá lábẹ́ funfun. Ni wọ́n bá tún ti rólà bọ ọ̀dà, wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú mi, àgbàlagbà bíi tèmi, láàárín ọjà.

A ti ya òmíràn síbòmíì.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀: ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yín mọ sára ògiri, ẹ fi sẹ́nu ará àdúgbò. Nígbà tí à ń ya tiwa lọ́wọ́, ìyá alátà fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ògùnpa kì í jẹ ọ̀rá, ẹ yé fi bọ ọ́!" Àwọn ọmọdé gbé e lórin. Orin yẹn ni wọ́n ń kọ sí àwọn akunlé létí lórí àkàbà. Ọ̀dà wo ló fẹ́ pa ìyẹn rẹ́? Orin làwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi dojú kọ owó orí àti ààfin, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eléré Ògúǹdé ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, àmọ́ ta ni kì í sọ ọ́ títí dòní?

Ẹ máa ya fọ́tò iṣẹ́ yín, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílé (mo gbà á, ẹ ṣáà rí i). Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ará ọjà bá yín dá sí i. Ìyẹn náà ti padà sórí ọ̀rọ̀ orin.

Àwọn kan ní àwòrán kì í kó gọ́tà. Òótọ́ ni. Àmọ́ lálẹ́ àná, ọkùnrin kan gbé àpò ìdọ̀tí wá sétí gọ́tà wa, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ó sì ru ẹrù rẹ̀ padà sílé.