Túùbù ti wọlé, èémí ńkọ́?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko, odídẹrẹ́ kan ló là mí lójú. A kun ún lóorun ká lè gé kókó kan kúrò lápá rẹ̀. Túùbù tí a ń tì bọ ọ̀nà èémí, kí ẹranko lè máa mí lójú oorun, wọlé wẹ́rẹ́, torí ẹyẹ kò ní ìdérí tó ń bo ihò èémí bíi ti ajá. Ẹ ṣáà fa ahọ́n rẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ ó rí ihò náà nídìí ahọ́n. Mo ti ń yọ̀.

Kò pẹ́ ni mo rí i pé mímí síta ń nira fún un. Àyà rẹ̀ á gbéra kíá, á wá máa rọra walẹ̀ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tó há. Èmi rò pé oògùn ló pọ̀ jù, mo dín in kù. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì mí ló ní, "Dókítà, ẹ yọ túùbù yẹn wò." Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gbígbẹ, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ti dí i pa! Láti ọjọ́ náà, túùbù kejì kì í jìnnà sọ́wọ́ mi.

Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí fèrè ara túùbù, ìyẹn rọ́bà tó yí i ká tó ń wú bíi bàlúùnù, fún ẹyẹ o. Òrùka tó gbé ọ̀nà èémí rẹ̀ dúró yí po, kò ní àlàfo tó lè fi fẹ̀ bíi ti ológbò. Bí fèrè bá fún ibẹ̀, ara ibẹ̀ á kú, àpá á sì dí ọ̀nà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nígbà tí ẹ ti gbàgbé ẹyẹ náà. Ẹ má sì gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀. Egungun àyà yẹn ló ń gbé sókè sódò kó tó lè mí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ti fún un lọ́rùn nìyẹn.

Bí ọ̀nà ọ̀fun ẹyẹ bá dí pátápátá, a lè ti túùbù kúkúrú gba ẹ̀gbẹ́ ara wọ inú àpò atẹ́gùn rẹ̀, ìyẹn àpò inú ara ẹyẹ tó so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, á sì máa mí láti ibẹ̀. Ẹnu á kọ́kọ́ yà yín, ó yà mí náà.

Ehoro lọ̀ràn. Ẹnu rẹ̀ kì í ṣí tó, ihò èémí sì jìn sẹ́yìn. Etí ni mo fi ń ṣe tèmi: mo gbé etí sẹ́nu túùbù, ibi tí èémí bá ti dún jù ni mo ń tẹ̀ lé. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi sílẹ̀, torí ipá ń mú ọ̀fun wú. Ti ìjàpá, túùbù kúkúrú ni kẹ́ ẹ lò: ọ̀nà èémí rẹ̀ tètè pín sí méjì, túùbù gígùn á wọ ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo.

Kẹ́ ẹ sì tètè yọ túùbù bí odídẹrẹ́ bá ti ń jí. Ẹnu rẹ̀ lè gé e sí méjì.