Patanmọ́ ní Agodi

Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Ọgbà Agodi láàárọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 4 kan fìka tọ́ patanmọ́ (ó lẹ́gùn-ún o, mo ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wọn), ewé náà sì padé wẹ́rẹ́. Ó fò sẹ́yìn: "Àǹtí, ó ti sùn!" A jókòó tì í. Nígbà tó yá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í là padà díẹ̀díẹ̀. Mo ṣàlàyé pé omi ló ń kúrò nídìí ewé tá a bá fọwọ́ kàn án, òun ló ń jẹ́ kó padé. Òmíràn bi mí pé ṣé ó máa ń dùn ún ni. Ìbéèrè yẹn wú mi lórí gan-an! Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ fọwọ́ kan ilẹ̀.