Bàtà mi àti òkè Condrieu

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, mo sọ̀kalẹ̀ láàyè! Lánàá ni mo wọ bàtà pẹlẹbẹ gun òkè Condrieu, ìlú kékeré kan létí odò Rhône, ní gúúsù Lyon, nílẹ̀ Faransé. Mo ti rò pé oko àjàrà máa ń tẹ́jú ni. Irọ́! Òkè náà dà gẹ̀rẹ́, òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri kéékèèké sí i, ìpele lórí ìpele, kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká àjàrà náà. Mo yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìdí ni mo fi wọ́ délẹ̀.

Láti 1940 tí wáìnì funfun ibẹ̀ ti gba orúkọ tí òfin dáàbò bò, àjàrà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ṣe é: Viognier. Ní àwọn ọdún 1960, ó kù díẹ̀ kó parun, torí iṣẹ́ òkè yẹn le, àwọn ọ̀dọ́ sì gba iléeṣẹ́ lọ. Lónìí, oko rẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 200 ní Condrieu. Oko àjàrà aládùúgbò rẹ̀, Château-Grillet, kò ju hẹ́kítà mẹ́ta ààbọ̀ lọ, ẹnì kan ló sì ni gbogbo ẹ̀!

Bàbá olóko ní kí n kọ́kọ́ gbóòórùn wáìnì náà. Òdòdó, èso píìṣì… mo ti ń retí oyin. Mo tọ́ ọ wò, kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá.

"Bàbá, ẹ tàn mí jẹ!" ni mo fi Faransé mi tó ń tiro sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Mo béèrè iye ìgò kan. Wẹ́rẹ́ ni mo rọra dá a padà sórí tábìlì.